Báwo la ṣe lè kọ́ ọmọ Prámárì 4 láti dín ìdọ̀tí kù, kó má jẹ́ ẹnu lásán?

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ 42 ló wà ní kíláàsì mi n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ìgò oníke àti èèpo ọsàn ló máa ń kún àgbàlá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó yẹ ká dín ìdọ̀tí kù, wọ́n tilẹ̀ ń fi kọrin, síbẹ̀ inú garawa kan náà ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí. Kí la lè ṣe láàárín táàmù kan láìsí owó? Ṣé ká máa fi ìgò ṣe òdòdó bí àwọn ilé ìwé kan ṣe ń ṣe ni?

Ìyá Àgbàlá Mímọ́
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ má tíì ra garawa kankan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń dà nù. Ẹ kó ìdọ̀tí ọjọ́ kan jọ, títí kan ti ìyá olóúnjẹ, ẹ dà á sórí tàpólì lábẹ́ igi, ẹ wọ̀ wọ́n ní ìbọ̀wọ́, kí wọ́n ṣà á sí òkìtì: ìgò, ọ̀rá, bébà àti páálí, agolo, èèpo àti ewé. Bátìrì, ìgò tó fọ́ àti abẹ́rẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kó o kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn òkìtì kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n oníkọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ran ń lò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ọ̀rá máa pọ̀ lójú ṣùgbọ́n kò ní wúwo. Èèpo ló máa ń tẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí: èyí tó ń dí gọ́tà yàtọ̀ sí èyí tó ń mú ọkọ̀ akólẹ̀ wúwo. Ẹ tún un ṣe ní ìparí táàmù.

Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí kò bá wọlé kò sẹ́ni tó máa kó o. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ike omi tirẹ̀ wá, kí ìyá olóúnjẹ máa bu oúnjẹ sínú abọ́ tó ṣeé fọ̀. Èkó ti fòfin de abọ́ fómù láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹ lè fi ìyẹn bá àwọn òbí sọ̀rọ̀.

Ní ti òdòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgò tí ẹ bá ti kùn lọ́dà, tẹ́ ẹ lẹ gọ́ọ̀mù mọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Ààtàn náà ló ń lọ.

Alájọrà Ike
Ẹ bá ẹni tó máa ra ike yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kó ẹyọ kan jọ. Ẹ bi í bóyá ó ń gba ọ̀rá, bóyá ìgò aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ dá wà, kílò mélòó ló máa jẹ́ kó wá gbé e.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìdí ìgò: nọ́ńbà 1 ló wà níbẹ̀, òun ló ń sọ irú ike tó jẹ́. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe irú ike kan náà. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ara ìgò sí wẹ́wẹ́, ẹ kó o pẹ̀lú ìdérí sínú abọ́ omi, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ rì kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀. Ara ìgò á jókòó sísàlẹ̀, ìdérí á padà léfòó. Bí àwọn tó ń lọ ike ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ náà nìyẹn.

Ìgò tẹ́ ẹ máa tà, kẹ́ ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Ọ̀rá ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ: ẹ sá a lórí okùn. Tó bá tutù, á hu funfun, á máa rùn, ẹni tó ń rà á á sì kọ̀ ọ́ torí omi ló ń wọ̀n.

Tí ìgò kan bá wọn gíráàmù 20, 50 ló máa di kílò kan. Nítorí náà, ẹ má retí owó ńlá. Ẹ má sì fún ọmọ tó kó ìgò jù lọ lẹ́bùn: wọ́n á máa ra mínírà torí ìgò, àwọn mìíràn á wọ gọ́tà lọ ṣà á. Kíláàsì tí ìdọ̀tí rẹ̀ bá dín kù ló yẹ kẹ́ ẹ yìn.

Àgbẹ̀ Ọgbà Ilé Ìwé
Èèpo tó wúwo yẹn, ajílẹ̀ ni. Ẹ fi pákó àtijọ́ kan àpótí tí kò nídìí, mítà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, kẹ́ ẹ fi àlàfo ìka kan sáàárín pákó. Tó bá kéré púpọ̀, ooru kì í dúró nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà garawa èèpo 1 sí garawa ewé gbígbẹ 3. Ewé ni kó máa wà lókè nígbà gbogbo, kí eṣinṣin má bàa yé sí i.

Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀. Tí òkìtì bá ti kún dáadáa, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pá tẹ́ ẹ bá fà yọ á gbóná lọ́wọ́, ẹnu á sì ya àwọn ọmọ. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ń rùn bí ẹyin bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé: ẹ fi ewé gbígbẹ kún un, kẹ́ ẹ yí i. Tó bá kàn jókòó láìyípadà, ó ti gbẹ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: omi ẹ̀kán kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin
Ẹ ṣeun púpọ̀. Èkúté àti ewúrẹ́ ló ń ba ọ̀gá wa lẹ́rù.

Àgbẹ̀ Ọgbà Ilé Ìwé
Ẹran, eegun, ẹja àti ọbẹ̀ ló ń pe èkúté, ẹ má da ọ̀kankan síbẹ̀. Ẹ gbé àpótí náà jìnnà sí ògiri. Yíyí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò ní jẹ́ kí èkúté tẹ́ ìtẹ́. Ti ewúrẹ́, páànù àtijọ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú òkúta méjì ti tó, á sì bá yín gba òjò dúró.