Re: "Ohun-èlò ènìyàn alágbéró": ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rí i tí ẹ̀ ń kan sáárá sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́tùn-ún lósì, tí ẹnì kan tún ní kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn tẹ̀wétẹ̀wé ní Ṣómólú kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, mo ní rárá o, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan ní Yábàá ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ fún sẹ́mínà àwọn ará HR, àwọn tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́. Ohun tí òyìnbó ń pè ní sustainable human resource management ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ohun tó ń ṣe fún employee wellbeing. Èyí tó gbé wá fún wa ni "Ìṣàkóso Ohun-èlò Ènìyàn Alágbéró àti Ipa Rẹ̀ Lórí Ìwà-dáadáa Òṣìṣẹ́." Àbúrò, mo kí ẹ o, ìwọ lo kúkú gbìyànjú, àwa yòókù kàn ń wòran ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa.

Ohun-èlò ènìyàn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Èlò ọbẹ̀ là ń mọ̀, èlò oògùn là ń mọ̀. Lọ lẹ ìwé mọ́ ògiri ní Ìdúmọ̀tà pé "a ń wá olùṣàkóso ohun-èlò ènìyàn", kó o dúró síbẹ̀, kó o wò ó bóyá wọn ò ní ti ké sí ọlọ́pàá kó o tó rí ẹnu sọ pé sẹ́mínà ni. Òṣìṣẹ́ ni ká pè wọ́n. Ìmójútó òṣìṣẹ́, ó tán. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní òun ò fẹ́ òṣìṣẹ́ torí pé ìṣẹ́ ló wà nínú ẹ̀, pé ohùn ìsàlẹ̀ orí "ṣì" yẹn ló tú àṣírí, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe eré ló wà nínú òṣèré nígbà náà ni? Òmùtí ńkọ́? Kò sí ohùn ìsàlẹ̀ kankan lórí "mutí" kí "ò" tó wọlé síwájú ẹ̀. "Ò" yẹn ló ń fa ohùn àárín tó tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n níbí. Ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá látìgbà Jákáǹdè, a kí yín, ẹ ṣeun fún ìyẹn, àmọ́ ohùn ò mọ ìgbà Jákáǹdè.

Alágbéró gan-an ló gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́, ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù l'Ékòó yìí? "Alagbero" ni wọ́n máa kọ, láìsí àmì, láìsí nǹkan kan, ẹni tó bá sì ń gba Òjúẹlẹ́gbà kọjá lójoojúmọ́, agbèrò ló máa kà níbẹ̀. Ìṣàkóso òṣìṣẹ́ alágbèrò! Ọkùnrin tó ń yọ wáípà lára dánfó torí pé dírẹ́bà ò tíì sanwó. Ká má parọ́, mo mọ ọ̀gá ọ́fíìsì méjì mẹ́ta tórúkọ yẹn bá mu, àmọ́ kì í ṣe ohun tí àwọn ará sẹ́mínà fẹ́ sọ nìyẹn.

Arákùnrin wa tó wà ní London wá fèsì pé kò séwu, pé "gbé" kan náà ló bí agbèrò àti agbéró, gbé èrò, gbé ró. Irọ́ ni jàre. Gbà ni, gbà èrò. Tó bá jẹ́ pé gbé ni, ohùn òkè tó wà lórí ẹ̀ ò ní bá ibì kankan lọ, agbérò la ò bá máa pè é, bí "rí ọ̀bẹ" ṣe ń di "rọ́bẹ" tí ohùn òkè sì wà níbẹ̀ gbọn-in. Ó ní bàbá bàbá òun tó jẹ́ dírẹ́bà ní Ìddó láyé ọjọ́un ló sọ ọ́ fún òun bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá, àmọ́ a ò lè pe bàbá wá jẹ́rìí, etí Èkó ló kù tá a lè bi.

Àní kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi àmì sí i látòkè délẹ̀, gbéró ò dáhùn ọ̀rọ̀. Sustain tí òyìnbó ń pè lẹ tú palẹ̀, lẹ wá ń tò ó padà ní Yorùbá: gbé, ró. Òpó ló ń gbé òrùlé ró. Òpó kì í gba líìfù, kò sẹ́ni tó ń bi òpó bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá kẹ́ ẹ tó máa túmọ̀ ẹ̀.

Inú igbó ló ti wá. Ní Saxony lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn tó ń wa fàdákà ń gé igi kí wọ́n lè ríná yọ́ ọ, igi wá bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Lọ́dún 1713, Hans Carl von Carlowitz, tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má gé ju èyí tó ń hù padà lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní Jámánì dòní, ibẹ̀ ló ti ta gbòǹgbò. Ìgbà tó di 1987 ni ìgbìmọ̀ tí àjọ UN fi Gro Harlem Brundtland ṣe olórí ẹ̀ gbé e wọnú ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, pé ká jẹ tiwa, ká má jẹ tàwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ ọn. Ọmọ Jámánì náà ni Ina Ehnert, tó wà lára àwọn tó gbé e dé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìwé tó kọ ní 2009 lohùn kan náà: ilé-iṣẹ́ ń jẹ agbára èèyàn, ó ń jẹ ìlera èèyàn, tí kò bá fàyè sílẹ̀ kí ìyẹn hù padà, ara ẹ̀ ló ń jẹ.

Níbo ni òpó wà nínú gbogbo ìyẹn? Ṣẹ́kù ló wà níbẹ̀. Jẹ ẹ́, kó ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kó tó di pé a ń ṣe sẹ́mínà! Àjẹṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti 1935 ni òfin kọpurétíìfù ti wà nílẹ̀ yìí, àwọn tó sì sọ ọ́ ní alájẹṣẹ́kù ò lọ wo ohun tí "co" àti "operative" jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n wo ohun tí ẹgbẹ́ ọ̀hún ń ṣe, pé o jẹ nínú owó oṣù ẹ, o fi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló yẹ ká máa pè ní èdè-ìperí. Akọ̀wé alájẹṣẹ́kù ni mí ní ọ́fíìsì wa ní Broad Street, èmi kì í ṣe dókítà èdè, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó wọlé wá bá mi tó ní kí n túmọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ fóun.

Ohun tí mo mú wá nìyẹn: ìmójútó òṣìṣẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kọ ọ́ láìsí àmì, "alajeseku", ta ló máa ṣì í kà? Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, tí mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀, ní àwọn èèyàn á rò pé kọpurétíìfù là ń sọ. Kí wọ́n rò ó, wọn ò jìnnà sí i. Ẹlòmíì ní "jẹ" yẹn rorò jù, pé ilé-iṣẹ́ kì í jẹ èèyàn. Háà! Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ebúté Mẹ́ta títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọjọ́ tó bá le, ohun tó máa ń sọ tó bá ti ń bọ́ bàtà ni "iṣẹ́ yìí fẹ́ jẹ mí tán." Kò ní iṣẹ́ ò gbé òun ró. Àwọn àgbà yẹn mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n lò, àwa la kàwé jù.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí jíjẹ tí kì í ṣẹ́ kù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ṣe kọ́ńtírákítì ní báǹkì kan ní Marina, Ìkòròdú ló ń gbé. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ó ti wà lórí ìlà BRT, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, bàtà gogoro nínú ọ̀rá dúdú lábíyá. Tí bọ́ọ̀sì bá ti gun Third Mainland báyìí, ó ti sùn lọ sí èjìká ẹni tí ò mọ̀ rí. Ìgbà tó bá fi máa wọlé lálẹ́ ọmọ ti sùn, ó ní ikùn ọmọ lòun máa ń fọwọ́ kàn kóun lè mọ̀ bóyá ó jẹun yó. Lọ́jọ́ Ẹtì kan ọ́fíìsì wọn wá fi íméèlì ránṣẹ́ pé ọjọ́ ìlera òṣìṣẹ́ ni o, kí gbogbo wọn wọ fáníìlà funfun wá fún eré ìdárayá láago mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́fà! Wọ́n fún wọn lómi inú ike kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò. Ìyẹn gan-an ni alágbéró, wọ́n kun òpó lọ́dà.

Àjọ WHO tó ń rí sí ìlera láyé àti ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé iye kan jáde ní 2021: lọ́dún 2016 nìkan, àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa láyé nítorí iṣẹ́ àṣejù tó 745,000. Wákàtí 55 lọ́sẹ̀ sókè ni wọ́n ń pè ní àṣejù. Ẹ ṣírò tiyín, kẹ́ ẹ ka go-slow mọ́ ọn bó bá wù yín. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa tiẹ̀ ní ẹni tó bá ti ṣe oṣù 12 gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ẹ bi àwọn ọmọ kọ́ńtírákítì bóyá ẹnikẹ́ni sọ ìyẹn fún wọn rí.

Ó wá ku ìwà-dáadáa. Bí orí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wà, ohun tó ń sọ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá tọ́jú òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ á níwà. Inú àwọn ọ̀gá á dùn gan-an! Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé gígùn pé inú "wà" ni ìwà ti jáde, pé wíwà ni, pé àwọn àgbà ò ya ìwà sọ́tọ̀ kúrò lára wíwà. Òótọ́ ni, sà, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ẹ lọ sí Balógun kẹ́ ẹ sọ fún ìyá tó ń ta léèsì pé ọmọ ẹ̀ ò ní ìwà-dáadáa níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá máa ṣàlàyé wíwà fún un bó ṣe ń tú gèlè.

Àlàáfíà ni. Ẹnì kan ti ń pariwo pé Lárúbáwá ni, ká wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwa. Ta ló fẹ́ gba wàhálà lẹ́nu wa? Àlùbáríkà ńkọ́? Tí mo bá bi yín pé ṣé àlàáfíà lẹ wà, ara nìkan kọ́ ni mò ń béèrè, ilé wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ọkàn wà níbẹ̀. Àwọn WHO yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n túbọ̀ ṣàlàyé burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun, nínú ìwé ìpín-àrùn wọn ní 2019, wọ́n ní láti ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, wọn ò pè é ní àìsàn. Ara le, àlàáfíà ò sí, ìlera ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ ò rántí bí wọ́n ṣe sọ strike ní ìyanṣẹ́lódì ni? Ẹni tó bá ṣẹ̀ wá là ń yàn lódì, a ò ní kí i, a ò ní jẹ nínú abọ́ ẹ̀, títí tó fi máa wá bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi inú rò nìyẹn. L'Ékòó yìí náà, ní August 1897, àwọn òṣìṣẹ́ Public Works ìjọba òyìnbó dáṣẹ́ sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta torí pé Gọ́mìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Wákàtí iṣẹ́ o. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní sẹ́mínà.

Aǹtí wa tó mú "atọ́jọ́" wá dípò alágbéró, mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ aṣọ ló ń tọ́jọ́, mà, wọ́n á sì tún wọ̀ ọ́ gbó.

Àbúrò, bó o ṣe máa kọ ọ́ nìyí: "Ìmójútó Òṣìṣẹ́ Alájẹṣẹ́kù àti Ohun Tó Ń Ṣe fún Àlàáfíà Wọn." Mo yọ "ipa" kúrò, torí tí àmì bá ti já, ipá lẹlòmíì máa kà, a ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé tipátipá ni. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ tó dáa ju èyí lọ kó gbé e wá, kó má fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ o, ọ̀rọ̀ ni mo ní. Arákùnrin London, ti agbèrò ò tíì parí, mò ń retí kó o sọ fún mi ibi tí ohùn òkè yẹn gbà lọ.