Ẹ jọ̀ọ́, iṣan ẹsẹ̀ màmá mi yìí ń kọ mí lóminú

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu o. Iṣan ẹsẹ̀ màmá mi wú, ó lọ́ kókó-kòkò lẹ́yìn orúnkún, ó dúdú bí aró, tí wọ́n bá ti dúró ti gàrí lọ́jà di alẹ́ ẹsẹ̀ á wúwo, tí wọ́n bá gbé e lé àpótí á rọlẹ̀ díẹ̀. Dọ́kítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké nínú tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn padà sísàlẹ̀, pé tiwọn ò pa dé dáadáa mọ́. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ kí ló dé tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látọkàn ò ní irú ilẹ̀kùn yẹn, ṣé torí pé ọkàn ń fagbára tì í ni? Àti pé ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin tí wọ́n ní kí màmá máa wọ̀, ta ló ti lò ó rí nínú ooru tiwa yìí?