MGB 1972 tàbí ti 1978: èwo ni kí n rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí MGB, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980. Ìró ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà yẹn, pẹ̀lú kábúrétọ̀ méjì tí ilé iṣẹ́ SU ṣe, dùn létí mi ju ti ọkọ̀ òde òní èyíkéyìí lọ.

Méjì ni mo rí tówó mi ká níbí ní Kent. Ti 1972 ní bọ́ńpà onírin dídán, ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́! Àmọ́ ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí kò ní férémù ọ̀tọ̀. Irin ibẹ̀ wà lára ohun tó gbé e ró. Ti 1978 kò dípẹtà, ṣùgbọ́n bọ́ńpà rọ́bà ló ní, wọ́n sì ti gbé e ga nítorí òfin Amẹ́ríkà, ó wá ń fì ní kọ́nà.

Mo ti fi mágnẹ́ẹ̀tì yẹ ara wọn wò, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n fi ohun tí kì í ṣe irin dí ojú ìpẹtà níbì kan. Iye tí wẹ́dà pè láti tún abẹ́ ilẹ̀kùn ti 1972 ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo tún ń rò ó pé kí n pààrọ̀ sípíríǹgì ti 1978 kó lè sún mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní irú ọkọ̀ yìí rí, èwo ni kí n rà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.