Nǹkan ìṣeré tọkọtaya: méjì lẹ̀ mọ́ra nínú àpótí mi, ibo ló yẹ kí n máa kó wọn sí?

ÌyáÌbejì_Lágere
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, oṣù méjì-méjì ló ń wá sí Ifẹ̀. A ra nǹkan ìṣeré méjì: ọ̀kan rọ̀ múlọ́múlọ́ bíi jẹ́lì, èkejì jẹ́ silicone (irú rọ́bà kan) dúdú tó ń lo bátìrì. Nítorí àwọn ọmọ, mo di méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rá, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, pẹ̀lú kàfúrà. Yàrá wa kò ní sílìn, ẹ sì mọ bí páànù ṣe ń gbóná nínú oṣù kẹta.

Mo ṣí i lánàá. Òórùn tápólì tuntun ló kọ́kọ́ kọlù mí. Jẹ́lì yẹn ti ń yọ òróró, ó ti lẹ̀ mọ́ dúdú gbàgbà. Bí mo ṣe fà wọ́n ya, ojú àtàǹpàkò mi wà lára rẹ̀, kò kún padà. Òróró náà ti jò sára àǹkárá tí mo fi kó àwọn ìbejì jáde.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni àbí kí n sọ ọ́ nù? Ṣé nǹkan yẹn ti wọ ara mi? Ẹ jọ̀ọ́, n ò rí ẹni bi nílé.

Nọ́ọ̀sì_Ìṣọ̀kun
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí tó rọ̀ yẹn, ẹ sọ ọ́ nù. PVC ni irú wọn sábà máa ń jẹ́, ohun tí púlọ́ńbà fi ń ṣe páìpù omi. Líle ni PVC fúnra rẹ̀; kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ phthalates ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn kó lè rọ̀. Kò so mọ́ ọn dénú, ló ṣe ń yọ jáde, ooru sì ń lé e sáré. Àwọn kan nínú wọn ń da họ́mọ́ọ̀nù rú, awọ ojú ara sì fẹ́lẹ́ ju ti ọwọ́ lọ. Ní 2005, Yúróòpù ṣòfin pé mẹ́ta nínú wọn kò gbọ́dọ̀ ju 0.1% lọ nínú nǹkan ìṣeré ọmọdé. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2008. Nígbà yẹn, nǹkan ọmọdé nìkan ni òfin wọ̀nyẹn ń sọ o, bẹ́ẹ̀ inú ara ni àgbà ń fi tirẹ̀ sí. Ó ń dùn mí.

Ẹ má fòyà nítorí àtẹ̀yìnwá. Bí ara bá ń yún yín tàbí ó ń ta yín, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ fọwọ́ ra dúdú yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Bó bá ṣì ń lẹ̀, òun náà ti bàjẹ́. Ẹ má sè é, nítorí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ bátìrì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kàfúrà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn mọ́.

Aránṣọ_Mọdákẹ́kẹ́
Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ òwú funfun ni mo fi rán àpò fún tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, kí wọ́n má fara kanra. Inú àpótí kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́ ló wà, nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí oòrùn kì í dé.

ÌyáÌbejì_Lágere
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ ti jẹ́lì nù. Dúdú kò lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti ń hu funfun, mo yọ ọ́. Mo ti gé àpò láti ara bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́. Òróró ara àǹkárá yẹn ni kò tíì lọ.