Fáìlì ìyá kan sọnù lóru: ṣé kí n lọ kọ́ nursing informatics?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Lóṣù tó kọjá, mo wà ní dúútì alẹ́ nígbà tí wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan dé láti Láfẹ́ńwá, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ti gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa rí, ṣùgbọ́n a wá fáìlì rẹ̀ títí. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń tú àwọn fáìlì tí wọ́n fi okùn dì, eruku bò mí lójú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ máa sáré wọlé pé ara màmá òun kì í gba pẹnisílínì, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, mi ò tíì gún un. Àtìgbà náà ni mo ti ń kà nípa nursing informatics, ìyẹn ẹ̀ka tí nọ́ọ̀sì ti ń lo kọ̀ǹpútà láti tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ọkọ mi ní ṣé mo fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bébà la ṣì ń lò?

Màmá Nọ́ọ̀sì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Sọ fún ọkọ rẹ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ni. Láti ọdún 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, ANA, ti kà á mọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ wa. Florence Nightingale gan-an, nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ijọ́un, fi ìṣirò han ìjọba pé àìsàn ló ń pa àwọn sójà lójú ogun Crimea ju ọta ìbọn lọ.

Ọmọ Ìbarà: Àbúrò mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ò ṣe dúútì alẹ́ rí. Wọ́n ṣe ọ̀kan fún wa, ojú ewé kẹrin ni wọ́n fi ohun tí ara aláìsàn kì í gbà sí! Mo ní kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n kùn ún ní pupa, kó máa yọ nígbàkígbà tí èèyàn bá fẹ́ kọ oògùn. Ẹni tó ti di abẹ́rẹ́ mú bíi tìẹ ló lè mọ ìyẹn. Bébà kì í ṣe ìdíwọ́. Mú ìwé tí ẹ ń kọ oògùn sí, tọpa rẹ̀: ta ló ń kọ ọ́, ta ló ń kà á, ibo ló ti ń sọnù? Lẹ́yìn náà, kọ́ Excel dáadáa, kí o sì mọ DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà kan ni, òun ni ìjọba fi ń kó ìṣirò ilé ìwòsàn jọ ní Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni OpenMRS, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà, gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ, máa fi dánra wò.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù: Sista, ẹ má gbàgbé àwa rẹ́kọ́ọ̀dù o. Aláìsàn á gbàgbé káàdì sílé, wọ́n á ṣe tuntun fún un. Bí aláìsàn kan ṣoṣo ṣe ń ní nọ́ńbà fáìlì mẹ́ta nìyẹn. Bí a ò bá tún ìyẹn ṣe, nọ́ńbà mẹ́ta náà ló máa bá wọnú kọ̀ǹpútà.

Adúkẹ́: Iná ńkọ́?

Ọmọ Ìbarà: Bébà la máa ń padà sí. Bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe tò la ṣe to fọ́ọ̀mù wa, kó má nira láti tẹ̀ ẹ́ wọlé tí iná bá dé.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta: Ẹ ṣé gan-an. Lọ́la ni mo máa padà sí dúútì alẹ́. Iye fáìlì tí a bá wá tí a ò rí ni màá kọ́kọ́ máa kọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí yín ní Sátidé?