Fèrè kọ́, agogo kọ́: ṣaworo atẹ́gùn ni tèmi

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin tèmi. Nǹkan tí wọ́n ń so kọ́ sínú ọgbà yìí, àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí igi roboto kan wà láàárín wọn, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí á máa dún, èyí tí òyìnbó ń pè ní wind chime, tá a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún, orúkọ mẹ́rin la ti gbọ́ fún un: agogo afẹ́fẹ́, fèrè afẹ́fẹ́, agbóhùn-atẹ́gùn, ṣaworo atẹ́gùn. Mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, fèrè yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i.

Fèrè kẹ̀? Fèrè, à ń fọn ọ́n ni, èémí ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Èyí tá à ń wí yìí, kì í ṣe atẹ́gùn inú páìpù ló ń jẹ́ kó dún o, abẹ̀bẹ̀ tó rọ̀ nísàlẹ̀ latẹ́gùn ń gbá, abẹ̀bẹ̀ á fa okùn, okùn á fa igi roboto, igi yẹn á wá lọ kọlu páìpù. Tẹ́ ẹ bá pè é ní fèrè, ẹnì kan á gbé e sẹ́nu lọ́jọ́ kan, ẹ rántí pé mo wí.

Agbóhùn-atẹ́gùn dùn létí, mi ò purọ́, àmọ́ agbohùnsáfẹ́fẹ́ ti gbapò yẹn. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní rédíò wo nìyẹn.

Ó wá ku agogo. Ẹni tó mú un wá ní àwọn ará Japan náà ń pe tiwọn ní fūrin, fū ni afẹ́fẹ́, rin ni agogo, pé bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Ṣáínà ṣe ń sọ fēnglíng. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fūrin jọ agogo, dígí ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, ó dojú dé bí ife kékeré, ahọ́n wà nínú ẹ̀, bébà wá so mọ́ ahọ́n yẹn kí atẹ́gùn lè rí nǹkan gbá. Tiwa yìí ò lẹ́nu ò nikùn, páìpù ni. Yàtọ̀ síyẹn, agogo tiwa, èèyàn ló ń fi igi lù ú. Ẹni tí ò bá rí nǹkan yìí rí tó gbọ́ agogo afẹ́fẹ́, aago tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lá rò, ṣebí agogo mélòó ló lù la ṣì ń bi ara wa.

Ṣaworo ńkọ́? Ẹ wo ìyáàlù. Awọ lonílù ń lù, kò lu ṣaworo, àmọ́ bí ìlù bá ti mì ṣaworo á dáhùn. Iṣẹ́ kan náà nìyẹn. Etí mi sì ń gbọ́ woro nínú orúkọ yẹn, bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe pe tiwọn ní tintinnabulum, tin tin tó ń dún ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mo yan atẹ́gùn torí pé afẹ́fẹ́ ni ti inú táyà náà, atẹ́gùn ló ń fẹ́ síni lára. Àbùkù kan wà ṣá: àwa tí a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ fóònù, "saworo ategun" lè di ti àkàbà, àtẹ̀gùn tá à ń gùn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ṣaworo.

Ẹ̀yà ara ẹ̀ náà ń fẹ́ orúkọ. Ẹnì kan ní ká pe ti ìsàlẹ̀ ní ìgbòkun, òyìnbó lẹ tú yẹn, abẹ̀bẹ̀ ni jàre. Igi àárín, kọ̀ǹgọ́. Ẹ máa ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń di kọ̀ǹgọ́ mú, ó dáa, atẹ́gùn ló dì í mú níbí.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni orúkọ ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá lára páìpù. Okùn tèmi já, páìpù kan já bọ́ ó sì tẹ̀, mo bá gé tuntun, 50 sẹ̀ǹtímítà, mo lu ihò sí etí ẹ̀ báyìí, sẹ̀ǹtímítà kan péré. Ó dún gbọ́, bí ìgbà tẹ́ ẹ fi ṣíbí lu igi tútù. Mo wá lu ihò míì ní sẹ̀ǹtímítà 11.2 sí etí ẹ̀, ohùn ẹ̀ gùn débi pé mo jókòó tì í. Ìdí ni pé tí wọ́n bá lu páìpù, orí, ìdí àti àárín ẹ̀ ló ń gbọ̀n, ibi méjì péré ni kì í mì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jìnnà sí etí tó sún mọ́ ọn tó ìdá 22.4 nínú 100 gígùn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá so okùn síbòmíì okùn á pa ohùn ẹ̀. Ibi ìdákẹ́ ni mo ń pè é lọ́kàn ara mi, torí ibẹ̀ dákẹ́ kí ìyókù lè sọ̀rọ̀. Tí ẹnì kan bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, mo gbà.

Èyí tí wọ́n fi ọparun ṣe ló kù. Kọ̀, kọ̀, kọ̀ ló ń dún, kò sí woro kankan níbẹ̀, ṣaworo ò lè bá a mu. Ta ló ní orúkọ fún un?