Ṣé kí n forúkọ ara mi sí lẹ́tà ẹ̀sùn yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Aládùúgbò wa kan ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà àgbàrá, omi ò ráyè kọjá mọ́. Ẹni tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980, tàbí òjò 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, á mọ ìdí tí àyà mi fi ń já bí òjò bá ti ṣú.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba kan, n ò forúkọ sí i, torí ojú kan náà la jọ ń rí lójoojúmọ́. Wọn ò dáhùn. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, akọ̀wé ní lẹ́tà tí kò lórúkọ kì í wọ fáìlì. Mo ti ro ti Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, èyí tó ti wà láti 1975. Mo ro ti òfin FOI ọdún 2011 náà, ìyẹn òfin tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, tó fún ọ́fíìsì ọ̀hún ní ọjọ́ 7 láti fèsì, ṣùgbọ́n ìwé lásán ni mo lè fi gbà, kò lè ṣí ojú àgbàrá.

Ṣé kí n forúkọ mi sí i ni, àbí kí n ní kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àna aládùúgbò náà ni alága?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun gan-an ni.